Kọ́ìlì Tí Mi Ò Fún Láyè

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Mo mọ̀ pé orí ìdúró lẹ ó ti ka ìwé yìí, ẹ ó kà á dé ìdajì kí ẹ tó rántí pé àga wà lẹ́yìn yín. Ṣé ara Màámi ti le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Ẹ bá mi kí wọn kí ẹ tó kà á síwájú.

Wọ́n ti gba aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọdún kan àti oṣù méje ni mo fi nu yàrá tí wọn kì í fẹ́ kí eruku wọ̀. Ọkùnrin tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti bá ibòmíràn lọ, àwòrán kọ́ìlì kan sì wà lórí tábìlì ọ̀gá nígbà tí mò ń nu ìdí rẹ̀. Mo wò ó, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìyípo yìí kò pé, ó ku ìdajì ìyípo kan." Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, pé wọ́n ń yí wáyà bàbà po di kọ́ìlì fún rédíò. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Kọ́ìlì náà ni tibí, Bàámi, bíi tiyín. Ṣùgbọ́n tiyín, ọwọ́ méjì la fi ń gbé e. Tibí yìí, tí mo bá sín sí i, ó ti lọ nìyẹn. Ogún nínú wọn lè jókòó sórí èékánná ọmọ ọwọ́. Wọn kì í yí i. Wọ́n á fa ojú ọ̀nà rẹ̀ sórí pátákó pẹlẹbẹ, wọ́n á rì í sínú omi bàbà, bàbà á sì kún ojú ọ̀nà náà. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, kò sí pé a fẹ́ tú ìyípo kan kúrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ ṣe é nínú kọ̀ǹpútà.

Màá ya kọ́ìlì náà. Màá fi àpótí afẹ́fẹ́ yí i ká, nítorí òòfà kì í dúró sára wáyà nìkan, ìta ló ń gbé jù. Kọ̀ǹpútà á gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wáyà àti afẹ́fẹ́, ó lè tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Màá ní kó ṣe bí ẹni pé iná ń kọjá nínú wáyà. Á wá wo òòfà tó wà nínú wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni iye kọ́ìlì náà, ìyẹn bí òòfà tó lè gbé ṣe pọ̀ tó, á ti jáde. Iye tí ẹ̀yin ń fi mítà wò lẹ́yìn tí ẹ bá yí i tán, èmi ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bàbà.

Obìnrin àgbà kan ló ń mójú tó omi bàbà náà. Ìyá Olómi ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Gbogbo etí èékánná rẹ̀ ló ti ní àwọ̀ búlúù. Òun ló fún mi ní ẹ̀wù òtútù tí mò ń wọ̀. Ó ní bí mo ṣe ń gbọ̀n nínú òtútù ti ń da iṣẹ́ òun rú. A jọ máa ń jẹun ọ̀sán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka èyí fún wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Àkàtúnkà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àkàtúnkà ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí kọ̀ǹpútà, mo kí Ìyá Olómi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀wù. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní ọwọ́ búlúù kò burú, ọwọ́ tèmi dúdú.

O ní kí n má kà á fún wẹ́dà. Mi ò kà á fún un. Ìpàdé ẹgbẹ́ àwa tí a ń tún rédíò ṣe ni mo ti kà á, wẹ́dà kàn wà níbẹ̀ ni.

Mo kà á lórí ìdúró, òótọ́ lo sọ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní o mọ iye kọ́ìlì kí wọ́n tó ṣe é, alága ní kí n padà sẹ́yìn kí n tún un kà. Wẹ́dà ní, "Ẹni tó lè mọ iye ohun tí wọn ò tíì ṣe, kó bá mi wo ìlẹ̀kùn tí mo ń jó fún àwọn onílé pupa àdúgbò wa, bóyá wọ́n á san owó rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Àwọn àgbà ni o. Mo ní, ìwé mẹ́wàá péré ni ọmọ yìí kà, ìyókù, ìdí ẹ̀rọ ìyíwáyà mi ló ti kọ́ ọ. Mo sọ bí mo ṣe sọ ọ́ ní Àkàtúnkà fún wọn, pé láti kékeré, o kì í gba ìyípo kan gbọ́ àfi tí o bá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi. Àpótí afẹ́fẹ́ tí o fi ń yí i ká yẹn, ṣé ó láyè? O rántí ohun tí mo máa ń sọ: fún un láyè kí o tó bi í léèrè.

Orúnkún ìyá rẹ ti sàn. Mo ka ìwé rẹ fún òun náà. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ń ka ìyípo, ó dìde lọ gbé omi kaná. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Tètè dá mi lóhùn. Ẹgbẹ́ ń retí.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú ilé. Ìwé yín dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ bi yín. Tí wọ́n bá fi ìdérí alumíníọ̀mù bo kọ́ìlì, tí ìdérí náà fún mọ́ ọn, ṣé iye rẹ̀ ń wálẹ̀ ni àbí ó ń gòkè? Tó bá ń wálẹ̀, ṣé ó lè tó ìdá kan nínú márùn-ún? Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka èyí ní ìpàdé kankan.

Mo wà dáadáa. Òtútù ti ń dín kù.

Àkàtúnkà

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Àkàtúnkà,

Ìwé rẹ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ó ń wálẹ̀. Ṣé ìwọ lò ń bi mí ní ìyẹn? Ọmọ ọdún mẹ́jọ lo wà tí o ti mọ̀ ọ́n. Abọ́ alumíníọ̀mù tí mo ń kó nọ́ọ̀tì sí, ṣé a kì í gbé e kúrò lórí tábìlì kí n tó fi mítà sí kọ́ìlì? Ìwọ lo máa ń gbé e. O máa ń pariwo "Abọ́ ti kúrò o" bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀. Òòfà fẹ́ jáde, alumíníọ̀mù ní kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó ń tì í padà. Ibi tó yẹ kó gbilẹ̀ dé, kò ní dé ibẹ̀, mítà á sì máa sọ iye tó kéré fún ọ. Ìdá kan nínú márùn-ún kì í ṣe nǹkan bàbàrà tó bá há mọ́ ọn gan-an. Gbé ìdérí kúrò, iye á padà síbi tó wà. Kọ́ìlì náà kò yí padà rárá, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló ṣì í wọ̀n.

Kí lo fẹ́ fi ìdáhùn yìí ṣe? Mi ò kà á fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wẹ́dà rí i lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ ẹ ti di ọ̀gá tán, ìwé ẹ̀ ti ń kúrú." Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ. Ṣé iṣẹ́ ni?

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mi ò gbúròó rẹ. Mo ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìgbà mẹ́rin. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ti mọ ojú mi débi pé, tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, orí ló fi ń dá mi lóhùn.

Ẹgbẹ́ ń béèrè rẹ. Alága ní kí n mú ìwé rẹ ti àkọ́kọ́ wá kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìpàdé, kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lè máa rí i. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n bi ọ́ níbẹ̀ pé kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ, tí ojú sì ń tì ọ́ láti sọ pé ọkùnrin kan tó ń fi ọwọ́ dúdú yí wáyà nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù ni, sọ ìyẹn náà. Mi ò ní kú sí i. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí n máa ṣí àpótí ìwé kí n máa bá afẹ́fẹ́ níbẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó rò ó tán." Bí ẹni pé ó mọ nǹkan kan.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Àga wà lẹ́yìn yín.

Kì í ṣe iṣẹ́ yín ló ń tì mí lójú. Mo ti kọ ìwé yìí ní ìgbà mẹ́fà, mo sì fà á ya ní ìgbà márùn-ún. Ẹ má bínú nípa ìrìn ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ìwé ìlànà kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Ó ní kí àpótí afẹ́fẹ́ tóbi ju kọ́ìlì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Tí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ń gba kọ̀ǹpútà ní wákàtí mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ìdí iṣẹ́ náà, ọ̀gá ní òun fẹ́ kọ́ìlì méjìdínlógún láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo sún ògiri àpótí náà mọ́ra díẹ̀, ó yá. Mo tún sún un. Mo sún un títí ó fi kù díẹ̀ kó kan etí kọ́ìlì, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló wá ń gbà.

Bàámi, mo rí abọ́ alumíníọ̀mù yín. Bí mo ṣe ń rí ìwé yìí báyìí ni mo ṣe rí i lórí tábìlì. Mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ni mo fi yí i ká, kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n ibi tí àpótí bá parí sí, kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí òòfà kọjá níbẹ̀. Bí ìdérí gan-an ló ṣe rí. Ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ náà lè sọ pé òun ò mọ̀. Èmi mọ̀.

Mẹ́rìndínlógún ni kọ̀ǹpútà sọ, níbi tó yẹ kó sọ ogún. Mo bá ń fi ìyípo kún kọ́ìlì títí ó fi sọ pé ogún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbogbo méjìdínlógún. Ọ̀gá gbá mi léjìká, ó ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ dáadáa nìyí. Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n tán, mítà sọ pé márùndínlọ́gbọ̀n. Àwọn tó ni iṣẹ́ kọ̀ wọ́n, gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá pe gbogbo wa sí yàrá ìwọ̀n. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣìṣe, omi bàbà ló bàjẹ́, pé bàbà ti ki jù, ó ti yí ìrísí kọ́ìlì padà. Ìyá Olómi ní, "Omi mi dára. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo di ife tíì mú, mo ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́, ẹni tó gba iṣẹ́ ìnulẹ̀ lẹ́yìn mi mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, mo ti àárọ̀ fi kọ́ìlì kan sínú àpótí tó láyè, mo pa ojú kọ̀ǹpútà dé. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo ṣí i. Márùndínlọ́gbọ̀n. Bí mítà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìwé yín wà nínú àpò ẹ̀wù mi, ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti kà á dé ibi tí àwọn àgbà ti pàtẹ́wọ́. Mo pa iṣẹ́ náà rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Mo lọ bá Ìyá Olómi ní tábìlì. Ó ti bu ìdajì oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Mo jẹ ẹ́.

Ọdún méjìlélógún ló ti wà nídìí omi yẹn. Wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ó ń tẹ páálí, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń tò ó. Ní ìparí oṣù keje, wọ́n á ní kó máa lọ pátápátá. A ṣì jọ ń jẹun. Lánàá, mo rí i pé àwọ̀ búlúù etí èékánná rẹ̀ ti ń ṣí kúrò. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Wò ó, mo ti di ọmọge padà."

Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀yin sì ni mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ẹ bá mi yọ ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀.

Àkàtúnkà

Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Àkàtúnkà,

Mo jókòó.

Mo kà á, mo mú bírò. Ojú ewé méjì ni mo fi bínú sí ọ, mo pè ọ́ ní orúkọ tí mi ò pè ọ́ rí. Mo ní o ti fi orúkọ mi nu ilẹ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo wá ń wá gọ́ọ̀mù tí màá fi lẹ ápòòwé rẹ̀. Inú abọ́ alumíníọ̀mù ni gọ́ọ̀mù máa ń wà. Mo di abọ́ náà mú, mi ò lè lẹ ìwé mọ́. Mo fà á ya.

O kò bi mí rí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí abọ́ máa kúrò lórí tábìlì. Màá sọ fún ọ.

Kí a tó bí ọ, ìyá rẹ ló ń bá mi ka ìyípo. Èmi ń yí, òun ń kà. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà bíi tirẹ̀, ìwọ náà kò tó o. Ó lè dá oníbàárà lóhùn, kó gé ẹ̀fọ́ lórí itan, kí kíkà má sì já lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí oyún rẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ kọ́ìlì sípíkà wá, mẹ́jọ, ńláńlá, àwọn tí kò ní irin nínú. Ọ̀ọ́dúnrún ìyípo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. A yí wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Oníṣẹ́, ẹni tó gbé wọn wá, dé, mo fi mítà sí ọ̀kan níwájú rẹ̀, iye kò pé. Mo fi sí ìkejì, kò pé. Oníṣẹ́ ń wò mí. Wẹ́dà wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyàwó mi ló ń kà á fún mi. Ẹ mọ obìnrin, ọ̀rọ̀ ló ń sọ nígbà tó yẹ kó máa kà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní, "Ọ̀ọ́dúnrún ni mo kà." Mo ní kó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé kọ́ìlì náà kí n lè fi ìyípo kún un. Mítà ṣì wà lára rẹ̀. Bó ṣe kúrò lórí abọ́ nọ́ọ̀tì báyìí, iye gòkè, ó dúró síbi tó yẹ kó dúró gan-an.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan pé kí n lọ bá a nínú ilé. Mo ní ó di ọ̀la. Ní ọ̀la, kò wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní oyún ń wúwo. Nígbà tó bímọ tán, ó ní iṣẹ́ ilé pọ̀. Kò tún jókòó síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo gbé àpótí kékeré sí ìdí ẹ̀rọ, mo gbé ọ lé e, mo ní, ọmọ, máa kà. Àyè ìyá rẹ lo jókòó sí, ìwọ kò mọ̀. "Abọ́ ti kúrò o" tí o ń pariwo rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ láti inú ilé lójoojúmọ́. Mi ò mọ ohun tó rò sí i. Mi ò béèrè rí.

Nítorí náà mi ò ní ẹnu tí màá fi sọ pé lọ, tàbí má lọ. Tìrẹ ti di oṣù mẹ́rin. Tèmi ti lé ní ọdún mẹ́tàlélógún, inú ilé kan náà la sì ń sùn.

Mo lọ láti yọ ìwé rẹ lára ògiri. Wẹ́dà wà níbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ń wo kàlẹ́ńdà. Ó ní, "Ọjọ́ wo lò ń wá?" Mo jáde, mo fi ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje

Bàámi,

Ìwé yín dé ní ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ.

Mi ò lọ bá ọ̀gá níkọ̀kọ̀. Mo rò ó pé gbangba ni wọ́n ti bá Ìyá Olómi wí. Mo ti fi kọ́ìlì mẹ́ta sínú àpótí tó láyè, mo tẹ èsì wọn sórí ìwé, mo to wọn sórí tábìlì yàrá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì mítà. Mo ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ pe gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n pé, mo sọ ọ́. Ohùn mi kéré, ẹnìkan ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti ọjọ́ tí mo pa èsì rẹ́.

Ìyá Olómi kò wo ìwé náà. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

Mo ní, "Ọjọ́ méjìlélàádóje ni, mà."

Ó ní, "O kà á."

Mo ní, "Mo kà á, mà."

Ó ní, "A sì jọ ń jẹun."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lójoojúmọ́."

"Lójoojúmọ́, mà."

Ó yí padà lọ síbi tó ti ń di ẹrù, ó lọ lẹ páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, tó lọ síbi omi bàbà, tó ṣí ìdérí rẹ̀, tó tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá ọmọ ń mí.

Ọ̀gá dá iṣẹ́ omi padà fún un, ó ní kí n tún gbogbo méjìdínlógún ṣe, kí n kọ orúkọ mi sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ṣe é tán, òun á mọ ohun tí òun máa ṣe sí mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó tún ní òun ló yẹ kó wo ìwọ̀n àpótí mi kí òun tó gbá mi léjìká, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ìyẹn kéré.

Ní ọjọ́ kejì, mo fọ ẹ̀wù òtútù náà, mo ká a, mo gbé e lọ fún Ìyá Olómi. Kò gbà á. Ó ní, "Ẹ̀wù kọ́ lo jí."

A kì í jọ jẹun mọ́. Mo ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n kí ó tó rì pátákó kan sínú omi báyìí, ó máa ń wá dúró sẹ́yìn àga mi. Kì í kí mi. Ó ń wo àpótí tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń sọ pé, "Ṣé ó láyè tó?" Màá ní, "Ó láyè, mà." Á ní kí n fi ìwọ̀n rẹ̀ han òun. Màá fi hàn án. Á lọ. Láàárọ̀ yìí, àwọ̀ búlúù ti padà sí ìka kan.

Ojú ń tì mí sí i ju ti ìgbà tí mi ò tíì sọ ọ́ lọ. Mo rò pé yóò dín kù. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?

Bàámi, ṣé ẹ ti sọ fún Màámi?

Àkàtúnkà

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

O bi mí bóyá mo ti sọ. Mi ò tíì sọ nígbà tí ìwé rẹ dé. Mo kà á tán lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, lórí ìdúró. Ọmọ mi ti ṣáájú mi, ìyẹn ló gbé ẹsẹ̀ kejì fún mi.

Mo gbé mítà, mo gbé kọ́ìlì kan, mo gbé abọ́ náà, mo kó wọn wọlé. Ìyá rẹ ń ká aṣọ. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀, mo kàn gbé abọ́ sórí tábìlì, mo gbé kọ́ìlì lé e, mo fi mítà sí i. Mo gbé kọ́ìlì kúrò. Ó ń wo mítà. Ó ní kí n gbé e padà. Mo gbé e padà. Ó ní kí n gbé e kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, Àkàtúnkà. Mo mọ ibi tí o ti jogún rẹ̀ wàyí.

Ó ní, "Ìgbà wo lo rí i?"

Mo ní, "Ọjọ́ náà gan-an."

Ó ká aṣọ kan tán, ó fi lé orí àwọn yòókù. Ó ní, "Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà?" Mo ní oníṣẹ́ yẹn ti kúrò ní àdúgbò yìí tipẹ́, wẹ́dà ló kù. Ó ní, "Lọ pè é."

Mo lọ pè é. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo tún fi mítà hàn án. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wo abọ́, ó wo ìyá rẹ, ó ní, "Ìyá Àkàtúnkà, mo rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà." Ìyá rẹ ní, "Mo gbọ́ ọ." Kò fi nǹkan kan ṣe àwàdà títí tó fi jáde.

O bi mí bóyá ìtìjú máa ń dín kù. Mi ò tíì lè dá ọ lóhùn, ọjọ́ mẹ́ta péré ni tèmi. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn kì í ṣe ohun tí èmi lè máa béèrè.

Mo ti yọ ìwé rẹ kúrò lára ògiri. Nígbà tí alága béèrè ìdí, mo ní èmi àti ọmọ mi ń tún iṣẹ́ wa kà.

Bí mo ṣe fẹ́ lẹ ápòòwé ni ìyá rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Bàbá rẹ

Ọmọ mi, ọ̀ọ́dúnrún ni mo kà.